Orí Keje: Ìpè Láti Ibi Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kò Dé

Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa kì í bá fóònù ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ní tààrà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó pe àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin, ohùn rẹ̀ á gba inú afẹ́fẹ́ lọ bá òpó tó sún mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sínú wáyà, tàbí sínú ìgbì rédíò tí òpó ń ta sí òpó, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ òpó tó wà lẹ́bàá ilé àbúrò náà. Ìrìn tí fóònù fúnra rẹ̀ rìn nínú gbogbo èyí kò ju kìlómítà mélòó kan lọ. Òpó àti wáyà ló rin ìyókù.

Ìdí nìyí tí fóònù fi ń di ẹrù lásán lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ igbó jìnnà, bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ kún dẹ́nu. Òpó kan ń fẹ́ ilẹ̀, ó ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti epo dísù, ó ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́ àti ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà débẹ̀. Owó ìpè àwọn èèyàn tó ń gbé àyíká rẹ̀ ló ń dá gbogbo ìnáwó yìí padà. Níbi tí kò bá sí èèyàn, kò sí ẹni tó máa ri òpó. Ẹ wo Gashaka-Gumti, igbó ìjọba àpapọ̀ tó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tó wà láàárín Taraba àti Adamawa lẹ́bàá ẹnubodè Kamẹrúùnù. Òkè Chappal Waddi, tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí ní 2,419 mítà, wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, olùṣèwádìí àti darandaran tó ń rìn níbẹ̀ lè rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìrí òpó kan. Bákan náà ni ọkọ̀ òkun tó kúrò ní Àpápá kì í pẹ́ kó tó sọ òpó etíkun nù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló lè lò lójú omi.

Ohun tí fóònù sátẹ́láìtì ṣe ni pé ó gbé òpó kúrò nílẹ̀ lọ sókè. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e lọ, bí ó ti jìnnà tó, àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀ ni orí yìí dá lé.

Òpó lójú ọ̀run

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Arthur C. Clarke kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Wireless World. Kò tíì sí sátẹ́láìtì kankan lókè nígbà náà; ọdún méjìlá lẹ́yìn rẹ̀ ni Rọ́ṣíà tó gbé Sputnik sókè. Ohun tí Clarke rí nínú ìṣirò rẹ̀ ni pé ohun tó bá ga tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè ìlà agbedeméjì ayé yóò máa yí ayé po ní déédéé àkókò tí ayé fi ń yí ara rẹ̀. Lójú ẹni tó wà nílẹ̀, á dà bíi pé kò kúrò lójú kan. Ó ní mẹ́ta irú rẹ̀ yóò tó láti máa gbé ọ̀rọ̀ káàkiri ayé. Ní ọdún 1964 ni sátẹ́láìtì Syncom 3 dé irú ibẹ̀ tó sì dúró dáadáa. Nínú ìwé yìí, a ó máa pe irú èyí ní sátẹ́láìtì adúrósójúkan.

Inmarsat, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979 nítorí àwọn ọkọ̀ òkun, ń lo irú sátẹ́láìtì yìí. Thuraya, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá ti Emirates, ń lò ó pẹ̀lú. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere. Sátẹ́láìtì díẹ̀ ló ń kárí apá ńlá nínú ayé, ẹni tó bá sì ti mọ ibi tó wà lójú ọ̀run kò ní wá a mọ́. Sátẹ́láìtì Thuraya tó ń bójú tó ìhà ọ̀dọ̀ wa wà ní dígírì 44 ìlà-oòrùn. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó bá dúró ní Gashaka yóò kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò gbójú sókè tó nǹkan bí dígírì 51, ibẹ̀ ló wà. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn yóò kọjú síbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ní ga ju nǹkan bí dígírì 43 lọ lójú tirẹ̀.

Bí a bá ń lọ sí ìhà àríwá tàbí gúúsù ayé, sátẹ́láìtì adúrósójúkan á máa rẹlẹ̀ sí i, nítorí pé òkè ìlà agbedeméjì ayé nìkan ló wà. Ní erékùṣù Svalbard ti Norway, ní dígírì 78 àríwá, kò lè ga ju nǹkan bí dígírì 3 lọ. Òkìtì yìnyín kékeré kan ti tó láti dí i. Lẹ́yìn ibẹ̀ sókè sí i, ayé fúnra rẹ̀ ló máa bò ó.

Ìjìnnà rẹ̀ náà ní owó tirẹ̀. Ìgbì rédíò ń sáré tó nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ sókè jẹ́ 35,786 kìlómítà, ìsọ̀kalẹ̀ sí ibùdó orí ilẹ̀ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ó kéré tán, nítorí náà ohùn á lo nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó dé etí ẹni tí a ń pè. Èsì rẹ̀ á lo ìdámẹ́rin mìíràn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ẹni tó wà lódì kejì ti dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì á sì máa já lu ara wọn. Àwọn tó ti mọ́ lára máa ń parí gbólóhùn, wọ́n á sì dúró díẹ̀. Ìjìnnà yìí náà ló fà á tí sátẹ́láìtì Thuraya fi ní áńténà tó fẹ̀ ju mítà 12 lọ: ohùn tó ti inú fóònù kékeré jáde ti di tín-ín-rín kó tó dé ọ̀hún, etí ńlá ló lè gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé áńténà yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹyọ níwájú.

Ọ̀nà kejì ni láti mú sátẹ́láìtì wá sítòsí. Iridium ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún èyí. Sátẹ́láìtì 66 ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, 11 lórí ipa kọ̀ọ̀kan nínú ipa 6 tó ń gba ìtòsí òkè àríwá àti ìsàlẹ̀ gúúsù ayé kọjá. Gíga wọn jẹ́ nǹkan bí 780 kìlómítà. Ohun tó bá sún mọ́ ayé báyìí gbọ́dọ̀ sáré kó má baà já bọ́. Wọ́n ń sá nǹkan bí 27,000 kìlómítà ní wákàtí kan, wọ́n sì ń yí ayé po láàárín nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú. Sátẹ́láìtì kan kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ lójú ọ̀run ẹni tó ń pè kó tó wọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó wọ̀, òmíràn ti yọ, ìpè á sì bọ́ sọ́wọ́ ti ẹ̀yìn yìí láìjẹ́ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ̀.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ti àárín òkun, níbi tí kò sí ibùdó orí ilẹ̀ kankan, dé ilé? Bí àwọn lébìrà ṣe ń na páànù kọnkéré láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi gun orí dẹ́kìn, bẹ́ẹ̀ ni sátẹ́láìtì Iridium ń na ọ̀rọ̀ sí èkejì rẹ̀ lókè títí yóò fi kan èyí tó wà lórí ibùdó ilẹ̀, tí yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Globalstar, tí sátẹ́láìtì tirẹ̀ ga tó nǹkan bí 1,414 kìlómítà, kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí sátẹ́láìtì rẹ̀ bá gbọ́ láti ilẹ̀ ló ń dá padà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ibùdó kan kò bá sí láàárín ibi tí sátẹ́láìtì náà ń rí ní wákàtí yẹn, ìpè ò lọ. Èyí ló fà á tí àwòrán ayé tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ fi ní àlàfo lórí agbami òkun. Olùtajà kì í sábà fi àlàfo náà ṣíwájú ọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ni kó wá a.

Iridium kú, ó sì jí

Ìtàn Iridium yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti akẹ́kọ̀ọ́ okòwò jọ kà. Ilé-iṣẹ́ Motorola ti Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀, ó sì gbà tó nǹkan bí bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1998, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, Al Gore, fi ìpè àkọ́kọ́ ṣí i. Ẹni tó pè ni Gilbert Grosvenor, ọmọ-ọmọ-ọmọ Alexander Graham Bell tó gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ tẹlifóònù. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn ariwo yẹn, ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ láti kéde pé òun ti wọ gbèsè.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Sátẹ́láìtì ń lọ, wọ́n ń na ọ̀rọ̀ síra wọn bí wọ́n ṣe ní wọn yóò ṣe é. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ni kò bá a mu. Oníṣòwò ńlá tó ń fò láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ní lọ́kàn, ẹni tó bá dé Tókíò tàbí Rio tó fẹ́ pe ilé láìyí fóònù padà. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ sátẹ́láìtì lọ́wọ́, òpó GSM ti kún àwọn ìlú yẹn. Fóònù GSM kéré, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì. Ti Iridium tóbi, áńténà rẹ̀ nípọn, owó rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 dọ́là, ìpè ìṣẹ́jú kan sì ń jẹ dọ́là mélòó kan. Ó burú jù lọ pé ẹni tó bá wà lábẹ́ òrùlé tàbí nínú ọkọ̀ kò lè lò ó dáadáa. Ta ni yóò fi òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ bọ́ síta gbangba nítorí kó lè san owó tó pọ̀ jù?

Wọ́n ti ń múra láti já gbogbo sátẹ́láìtì náà sílẹ̀ kó jóná nínú afẹ́fẹ́ ayé nígbà tí Dan Colussy, tó ti fìgbà kan jẹ́ ààrẹ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Pan Am, kó àwọn èèyàn jọ, tí wọ́n sì ra gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 25 dọ́là ní ìparí ọdún 2000. Ilé-iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà bá wọn ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 72 dọ́là fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníbàárà tó ń fẹ́ ẹ gan-an wá jáde: awakọ̀ òkun, awakọ̀ òfuurufú, òṣìṣẹ́ epo, ológun, àwọn tó ń ṣèwádìí nínú yìnyín. Àwọn wọ̀nyí kì í ráhùn pé kò ṣiṣẹ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì. Lójú tèmi, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń wá oníbàárà ló lọ sí ìgboro nígbà tí oníbàárà wà lóko.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2009, Iridium 33 kọlu òkú sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà kan, Kosmos 2251, lókè Siberia, àwọn méjèèjì sì fọ́ yángá. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí odindi sátẹ́láìtì méjì yóò kọlu ara wọn láìṣe pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Láàárín oṣù kìíní ọdún 2017 àti oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n gbé sátẹ́láìtì tuntun 75 sókè láti rọ́pò àwọn àgbà.

Bí a ṣe ń lò ó níta

Ẹni tó bá sọ pé fóònù sátẹ́láìtì ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo sọ ìdajì òtítọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo tí ojú ọ̀run bá ṣí sílẹ̀. Ìgbì tí wọ́n ń lò, tó wà láyìíká gígahẹ́ẹ̀tìsì 1.6, kò lágbára láti la òkúta, páànù òrùlé tàbí ewé tútù tó bo ara wọn mọ́lẹ̀ kọjá. Igbó kìjikìji tiwa lẹ́yìn òjò, níbi tí igi ìrókò àti àràbà ti pàdé lókè, wà lára ibi tó le jù fún fóònù yìí. Orí àpáta, etí odò tó fẹ̀, tàbí ojú oko tí wọ́n ti ṣán ló yẹ ká wá lọ. Bí ẹ bá wà ní àfonífojì tóóró láàárín òkè méjì, ẹ má gbà pé fóònù ti bàjẹ́. Apá díẹ̀ nínú ojú ọ̀run lẹ ń rí, òun náà kò sì rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fa áńténà yọ tán pátápátá, kó dúró ṣánṣán sókè. Ẹ má gbé e dùbúlẹ̀ lórí tábìlì. Fún Thuraya tàbí Inmarsat, ẹ kọjú sí ibi tí sátẹ́láìtì wà, ẹ má sì jẹ́ kí ara yín tàbí orí yín bọ́ sáàárín. Fún Iridium, ẹ kò ní í wá ibì kan pàtó. Ẹ dúró ní gbangba, ẹ ní sùúrù fún un, sátẹ́láìtì á dé. Bí apá kan ojú ọ̀run bá dí, ìpè lè já láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, nítorí ó kúrú, ojú ọ̀run tó ṣí fún ìwọ̀n àkókò díẹ̀ lè gbé e lọ.

Àwọn ohun kan wà tó yẹ kó ti parí kí ẹnikẹ́ni tó kúrò nílé. Ẹ pe ẹnìkan láti àgbàlá ilé yín láti rí i pé káàdì inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí owó ìpè sátẹ́láìtì máa ń ní ọjọ́ tó máa kú, bóyá ẹ lò ó tàbí ẹ ò lò ó. Ẹ fi +234 síwájú gbogbo nọ́ńbà ilé tí ẹ kọ sínú rẹ̀, kí ẹ sì yọ òdo ìbẹ̀rẹ̀ kúrò. Nọ́ńbà fóònù náà kò ní jọ ti orílẹ̀-èdè kankan: ti Iridium ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +8816 tàbí +8817, ti Thuraya pẹ̀lú +88216, ti Inmarsat pẹ̀lú +870. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má baà kọ ìpè náà sílẹ̀ pé gbájúẹ̀ ni. Kò tún sí ìdánilójú pé 112 tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lórí rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sún mọ́ yín. Nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ igbó tàbí ilé ìwòsàn tó wà lágbègbè náà ló yẹ kẹ́ ẹ ní lọ́wọ́.

Bátìrì ni ọ̀tá tó kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tan fóònù sílẹ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́, kó máa wá sátẹ́láìtì lábẹ́ igi, kó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ẹ pa á. Ẹ dá àkókò kan pẹ̀lú ilé, bí àpẹẹrẹ aago 7 àárọ̀ àti aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 10 péré. Kí ẹ sì ṣe àdéhùn lórí ohun tí ilé máa ṣe bí wọn kò bá gbọ́ yín: wákàtí mélòó ni wọn yóò dúró, ta ni wọn yóò pè, ọ̀nà wo ni wọn yóò sọ pé ẹ gbà. Mo ka àdéhùn yìí sí pàtàkì ju fóònù fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi.

Nígbà tí wàhálà bá dé, ọ̀rọ̀ máa ń gùn lẹ́nu èèyàn. Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí:

“ÈÈYÀN 4. Ọ̀KAN FI ẸSẸ̀ ỌTÚN ṢẸ́, KÒ LÈ RÌN. Ẹ̀JẸ̀ TI DÁ. 7.3521 N, 11.6038 E. A WÀ LÓRÍ ÀPÁTA LẸ́BÀÁ ODÒ. OMI WÀ, OÚNJẸ ỌJỌ́ 2. A Ó TAN FÓÒNÙ NÍ AAGO 6.”

Kò sí ìkíni níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́. Ẹ wo nọ́ńbà ibi tí wọ́n wà dáadáa. Bí wọ́n bá kọ 7.35 nìkan, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó kìlómítà kan, kìlómítà kan nínú igbó sì lè gba olùgbàlà ní ìdajì ọjọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn ààmì ń mú wọn dé ibi tí kò ju mítà mélòó kan lọ.

Ẹ̀rọ tí kì í sọ̀rọ̀

Ẹ̀rọ kan wà tí kò lè pe ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í sílẹ̀. Bọ́tìnì kan ló ní. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, á máa ké lórí mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 406, sátẹ́láìtì á gbọ́ ọ, àwọn ibùdó ilẹ̀ á sì fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn olùgbàlà ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀rọ olóhùn-igbe 406 ni a ó máa pè é; ètò tó ń gbọ́ igbe rẹ̀ ni Cospas-Sarsat. Kánádà, Faransé, Amẹ́ríkà àti ìjọba Soviet ló jọ dá a sílẹ̀ ní ọdún 1979, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet kò fojú rere wo ara wọn rárá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan já bọ́ ní British Columbia ní Kánádà, ètò náà sì fi ibi tó wà han àwọn olùgbàlà; èèyàn mẹ́ta ló là níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ NEMA ní Àbújá ló ń gba irú igbe bẹ́ẹ̀.

Kò sí owó oṣù lórí rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì lè wà láìlò fún ọdún mélòó kan. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti nọ́ńbà ìbátan rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí bí ẹ̀rọ bá ké, ẹni yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ pè láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í gba èsì tó kún. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀ṣọ́ wà lọ́nà tàbí wọ́n ń dúró de ojúmọ́. Àwọn ẹ̀rọ bíi Garmin inReach, tó ń gba orí Iridium, wà láàárín méjèèjì: wọ́n ní bọ́tìnì ìgbàlà, wọ́n sì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n owó oṣù wà lórí wọn.

Orí òkè Everest, ọdún 1996

Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1996, ìjì bá àwọn tó ń gun Everest nítòsí ṣóńṣó òkè náà. Rob Hall, ọmọ New Zealand tó ń darí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, há sí ibi tó ga ju 8,700 mítà lọ. Rédíò ọwọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe fóònù. Fóònù sátẹ́láìtì wà ní ibùdó ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí 5,300 mítà. Àwọn tó wà níbẹ̀ so rédíò pọ̀ mọ́ fóònù, Hall sì bá ìyàwó rẹ̀, Jan Arnold, sọ̀rọ̀ ní New Zealand. Oyún ọmọ wọn àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Dókítà ni, òun náà sì ti gun Everest rí ní ọdún 1993. Ó mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń bá yí lókè yẹn. Kò sí ẹni tó lè gùn dé ọ̀dọ̀ Hall. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ní òkè kan náà, nínú ìjì kan náà, wọ́n ti ka Beck Weathers, dókítà kan láti Texas, sí òkú. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì rìn wọ àgọ́. Ìròyìn pé ó wà láàyè dé Texas, ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí pe èèyàn lóríṣiríṣi títí ọ̀rọ̀ fi dé ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Kathmandu. Awakọ̀ ológun Nepal kan, Madan Khatri Chhetri, gbé hẹlikópítà gun ibi tó ga tó nǹkan bí 6,000 mítà, tó sì sún mọ́ ibi tí irú ọkọ̀ yẹn lè dé mọ, ó sì gbé Weathers sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló dé ilé. Ibi tí ara wọn wà ló yàtọ̀: ọ̀kan ṣì wà níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn tàbí ẹ̀rọ lè dé.

Òfin àti ewu

Kì í ṣe gbogbo ìjọba ló fẹ́ràn fóònù tí kò gba orí òpó tirẹ̀ kọjá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, àwọn ológun Nàìjíríà fòfin de lílo àti títa fóònù Thuraya ní ìpínlẹ̀ Borno, wọ́n ní àwọn agbésùnmọ̀mí ń fi í ṣètò ìkọlù. Ní Íńdíà, ẹni tó bá gbé e wọlé láìgbàṣẹ lè bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, àlejò arìnrìn-àjò tí kò mọ̀ sì ti ṣubú sínú ọ̀fìn yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó rà á ní Nàìjíríà, kó béèrè lọ́wọ́ àjọ NCC bóyá irú èyí tó fẹ́ rà ní àṣẹ.

Ewu kejì jẹ́ ti ẹni tó wà lójú ogun. Ohun tó ń ké sókè, ẹlòmíràn náà lè gbọ́ ọ. Olórí àwọn ará Chechnya, Dzhokhar Dudayev, wà lórí fóònù sátẹ́láìtì ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1996 nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi ìgbì fóònù náà mọ ibi tó wà, tí wọ́n sì ju mísáìlì lù ú. Nítorí irú ewu yìí ni àwọn akọ̀ròyìn ojú ogun fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, tí wọ́n sì ń kúrò níbi tí wọ́n ti pè.

Fóònù lásán tó ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Apple ṣí ètò ìgbàlà orí sátẹ́láìtì fún iPhone 14 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lórí sátẹ́láìtì Globalstar. Fóònù náà á bi ẹni tó wà nínú ewu ní ìbéèrè mélòó kan, á dín ìdáhùn rẹ̀ kù, á sì fi ojú àwòrán hàn án ibi tí yóò kọjú sí. Kì í ṣe ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ ni, nítorí áńténà inú fóònù bẹ́ẹ̀ kéré jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ áńténà ńlá ti jẹyọ nìyí. Bí a kò bá fẹ́ kí fóònù tóbi, sátẹ́láìtì ló gbọ́dọ̀ tóbi tàbí kó sún mọ́ ilẹ̀, tàbí kó ṣe méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ AST SpaceMobile gbé BlueWalker 3 sókè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 pẹ̀lú áńténà tó fẹ̀ tó 64 mítà oníhà mẹ́rin ọgbọọgba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ó gbé ìpè fóònù lásán, irú èyí tí ọjà kún fún. Starlink, tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, ń tọ ọ̀nà yìí náà pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, yàtọ̀ sí àwo funfun tí àwọn èèyàn ń gbé sórí òrùlé. Ẹ má da àwo yìí pọ̀ mọ́ fóònù sátẹ́láìtì: àwo náà ń fẹ́ iná, kò sì ṣeé tì bọ àpò.

Ìdánrawò

1. Ọkọ̀ ìpẹja kan wà ní agbami òkun Àtìláńtíìkì, kò sí ibùdó orí ilẹ̀ kankan nítòsí rẹ̀. Ṣàlàyé ìdí tí fóònù Iridium fi lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ti Globalstar sì lè má ṣiṣẹ́.

2. Lo 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láti ṣírò àkókò tí ìgbì rédíò ń lò láti ilẹ̀ dé (a) sátẹ́láìtì tó ga 780 kìlómítà; (b) sátẹ́láìtì tó ga 35,786 kìlómítà. Ìlọ́po mélòó ni èkejì fi ju èkíní lọ?

3. Tún àtẹ̀jíṣẹ́ yìí kọ kó wúlò fún olùgbàlà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà wá, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ o, a wà nínú igbó, ẹ tètè wá.” Fi ohun tí o rò pé ó ṣe pàtàkì kún un.

4. Àwọn olùṣèwádìí márùn-ún fẹ́ lọ sí Gashaka-Gumti fún ọ̀sẹ̀ méjì. Owó tó wà lọ́wọ́ wọn lè ra fóònù Thuraya kan tàbí ẹ̀rọ olóhùn-igbe 406 méjì, kò lè ra méjèèjì. Èwo ni kí wọ́n rà? Gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ohun tí o kà nínú orí yìí.

5. Kọ àdéhùn kan, kó má ju ìlà mẹ́jọ lọ, tí àwọn olùṣèwádìí náà yóò fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé wọn kí wọ́n tó gbéra.